Ṣọ́jà Oníke Tí Kò Bá Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Dọ́gba

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ní Kàdúná da ogójì ṣọ́jà oníke sórí ẹní. Ogún nínú wọn ni bàbá rẹ̀ rà nínú gósílóò lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri ọjà láàárín ọkọ̀, nínú ọ̀rá tí wọn ò kọ nǹkan kan sí. Ogún tó kù wá láti London. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló kó wọn wálé nínú páálí tí wọ́n kọ 1/32 sí lára. Ọmọ náà tò wọ́n sí ìlà méjì kí wọ́n lè kọjú ìjà síra wọn. Ìgbà tó tò wọ́n tán ló rí i pé orí àwọn ti gósílóò kò kọjá èjìká àwọn ti London. Ó mú ọ̀kan sókè, ó ní: “Dádì, ṣé àwọn tẹ́ ẹ rà yìí ò tíì dàgbà ni?”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Owó tó fi rà wọ́n kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí bàbá tó fẹ́ kí ẹ̀bùn tòun dà bí ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀bùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní: “Kó wọn dà nù, ọmọ mi. Ayédèrú ni wọ́n.”

Ìyá ọmọ náà, tó jẹ́ aránṣọ, kò dìde nídìí máṣíìnì rẹ̀. Ó bọ́ tépù tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó nà án sí wọn, ó ní: “Dádì, ẹ má tíì jẹ́ kó dà wọ́n nù. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n ná. Tí mo bá ń da gbogbo aṣọ tí nọ́ńbà ọrùn rẹ̀ ò bá ara rẹ̀ mu nù, kí ni mo fẹ́ máa tún ṣe?”

Ìbéèrè tí ọmọ yẹn béèrè kì í ṣe ìbéèrè ọmọdé rárá. Àgbàlagbà pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń kó ṣọ́jà oníke jọ láti kékeré, tí wọ́n ń tò wọ́n sínú àpótí onígíláàsì, tí wọ́n sì ń fi owó gidi ra àwọn tó ti pẹ́. Ohun tó máa ń bí wọn nínú ni kí wọ́n ra ọmọ ogun tuntun kún ti tẹ́lẹ̀, kí nọ́ńbà ara páálí méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà, kí ọ̀kan sì dúró bí òmìrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì.

Ẹni tó bá ti ra gàrí ní ọjà méjì mọ bó ṣe ń rí. Kọ́ńgò ni wọ́n ń pè é níbí, kọ́ńgò náà ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Àmọ́ tí wọ́n bá délé, tí wọ́n dà á sínú abọ́ kan náà, ọ̀kan á kún, èkejì ò ní í kún. Bẹ́ẹ̀ náà ni múdù ṣe ń rí lápá òkè ọya. Orúkọ ìwọ̀n wà lọ́tọ̀, ohun tó wà nínú ìwọ̀n wà lọ́tọ̀.

Ohun Tí Nọ́ńbà Náà Ń Sọ

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń ṣe ṣọ́jà oníke ń gbà sọ bó ṣe tóbi tó. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ìdá. Tí wọ́n bá kọ 1/32, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé tí wọ́n bá to irú ṣọ́jà bẹ́ẹ̀ 32 léra wọn lórí, wọ́n á ga tó èèyàn gidi kan. Ọ̀nà kejì ni mìlímítà, ìyẹn bí ṣọ́jà náà fúnra rẹ̀ ṣe ga tó. Ìṣirò ló so méjèèjì pọ̀. Ọkùnrin tó ga ní mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 73 jẹ́ mìlímítà 1,730. Tí wọ́n bá pín in sí ọ̀nà 32, ó di 54. Tí wọ́n bá pín in sí ọ̀nà 35, ó di 49. Ọ̀nà 72 á mú 24 wá, ọ̀nà 76 á mú 23 wá, ọ̀nà 87 sì máa jẹ́ 20.

Mìlímítà 54 yẹn ti wà tipẹ́. Lọ́dún 1893, ilé iṣẹ́ William Britain ní London bẹ̀rẹ̀ sí í fi òjé ṣe ṣọ́jà tí inú rẹ̀ ṣófo, tó fúyẹ́, tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Wọ́n ṣe é kó lè bá ọkọ̀ ojú irin ọmọdé kan tó wà lóde nígbà yẹn mu. Ó tà débi pé 54 di ìwọ̀n tí àwọn ẹlòmíì ń tẹ̀ lé. Nígbà tó yá, ike gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òjé. Ilé iṣẹ́ Beton ní Amẹ́ríkà ti gbé ṣọ́jà oníke jáde lọ́dún 1938, nígbà tó sì di ọdún 1966, Britains pàápàá fi òjé sílẹ̀, torí pé májèlé ni òjé jẹ́ fún ọmọdé. Ike kò wọ́n, ó sì rọrùn láti lò, torí náà ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣọ́jà.

Ìgbà tí ọwọ́ pọ̀ nídìí iṣẹ́ náà ni ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Marx ṣe ti 54, òun kan náà ló tún ṣe ti 60. Mìlímítà mẹ́fà lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Àmọ́ tí ṣọ́jà 54 bá dúró fún ọkùnrin tó ga ní mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 73, ṣọ́jà 60 á dúró fún ẹni tó ga ní mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 92. Tí gbogbo ẹgbẹ́ ogun kan bá wá rí bẹ́ẹ̀ látòkè délẹ̀, kò sí bí ojú ò ṣe ní í rí i.

Ibo Ni Wọ́n Ti Wọ̀n Ọ́n?

Kódà tí ilé iṣẹ́ méjì bá jọ kọ 54 sára páálí, ó lè má jẹ́ ibì kan náà ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Àwọn kan máa ń wọ̀n ṣọ́jà láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ojú, torí pé fìlà ti bo àtàrí rẹ̀. Àwọn míì máa ń wọ̀n ọ́n dé àtàrí. Láti ojú ọkùnrin dé àtàrí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 sí 12. Nínú ṣọ́jà 1/32, ìyẹn lé ní mìlímítà mẹ́ta. Nítorí náà, ṣọ́jà tó jẹ́ 54 dé ojú máa jẹ́ 57 tàbí kó lé díẹ̀ dé àtàrí. Tí ẹni tó ń tà á bá wá wọ̀n fìlà mọ́ ọn, tó sì tún ka pẹpẹ tí ṣọ́jà náà dúró lé mọ́ ọn, nọ́ńbà náà á túbọ̀ pọ̀ sí i.

Ohun míì tún wà níbẹ̀. Èèyàn gidi kì í ga bákan náà. Nínú ẹgbẹ́ ogun gidi, ẹnì kan lè ga ní mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 60, kí ẹni tó dúró tì í sì ga ní mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 90. Ní ìwọ̀n 1/32, àkọ́kọ́ á jẹ́ mìlímítà 50, èkejì á jẹ́ 59, kò sì ní í sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Báwo wá ni ẹni tó ń rà á ṣe máa mọ ọkùnrin kúkúrú yàtọ̀ sí ṣọ́jà tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré?

Ìbọn ló máa sọ fún un. Èèyàn lè ga, ó lè kúrú, ṣùgbọ́n ìbọn tí ìjọba fún gbogbo wọn kì í yàtọ̀. Ìbọn Lee-Enfield tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé nígbà ogun àgbáyé jẹ́ nǹkan bíi mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 13 ní gígùn. Ní ìwọ̀n 1/32, ó yẹ kó jẹ́ mìlímítà 35. Ní ìwọ̀n 1/72, ó yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 16. Tí ìbọn ṣọ́jà kúkúrú bá gùn tó ti ẹni tó ga, ọkùnrin kúkúrú ni lóòótọ́, wọ́n sì lè jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan. Tí ìbọn náà bá kúrú bó ṣe kúrú, á jẹ́ pé ìwọ̀n wọn ni kò dọ́gba. Gígùn ìbọn ni kí wọ́n wò o, kì í ṣe bó ṣe nípọn tó. Ó di dandan kí ìbọn oníke nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, torí tó bá tín-ínrín jù, kíá ló máa ṣẹ́. Orí náà wúlò. Orí àgbàlagbà, láti àgbọ̀n dé àtàrí, jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22 sí 23, èyí tó jẹ́ mìlímítà méje ní ìwọ̀n 1/32.

Nọ́ńbà Yí Padà, Ṣọ́jà Kò Yí Padà

Nígbà míì, ara páálí gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1959, ilé iṣẹ́ Airfix nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣọ́jà kéékèèké tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń wà nínú páálí kan. HO-OO ni wọ́n kọ sára páálí náà. Orúkọ ìwọ̀n ọkọ̀ ojú irin ọmọdé méjì nìyẹn. HO jẹ́ 1/87, OO sì jẹ́ 1/76. Ṣọ́jà kan ò lè jẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ìwọ̀n méjèèjì ṣe wáyé fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ohun tó bá wọlé ni wọ́n ń ṣe nígbà yẹn. HO ni ìdajì ìwọ̀n kan tó ń jẹ́ O. Àmọ́ ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéré sí ti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ní Yúróòpù. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di kékeré ní ìwọ̀n 1/87, ẹ̀rọ iná tó ń yí táyà rẹ̀ kò lè wọ inú rẹ̀. Wọ́n bá sọ ara ọkọ̀ náà di ńlá sí 1/76, wọ́n sì fi ojú irin sílẹ̀ bó ṣe wà, ní mìlímítà 16 àtààbọ̀. Airfix fẹ́ tajà fún àwọn tó ní oríṣi ọkọ̀ méjèèjì, ló bá kọ orúkọ méjèèjì sára páálí kan.

Nígbà tó yá, wọ́n wá ń kọ 1/72 sára páálí àwọn ṣọ́jà náà, torí ìwọ̀n yẹn ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú wọn. Ní ìwọ̀n yẹn, ínǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ṣọ́jà tó ti inú móòdù kan náà jáde wá ti jẹ́ 1/87, ó ti jẹ́ 1/76, ó sì ti jẹ́ 1/72. Lórí ìwé, ó ti ga láti mìlímítà 20 dé 24. Lọ́wọ́ ẹni tó rà á, kò ga sí i rárá. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà sì tún àwọn ẹgbẹ́ ogun kan gbẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn tuntun tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, débi pé ẹni tó ń ra ọjà ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro náà.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Japan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ Tamiya fẹ́ ṣe táǹkì ogun Panther ti ilẹ̀ Jámánì tó lè máa rìn fúnra rẹ̀. Wọ́n ṣe é kí bátìrì àti ẹ̀rọ tó ń yí i lè wọ inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò bó ṣe tóbi tó, nǹkan bíi 1/35 ló bọ́ sí. Táǹkì náà tà gan-an, 1/35 sì di ìwọ̀n tí gbogbo ayé mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́jà 1/32 tó bá dúró ti táǹkì 1/35 fi máa ń dà bí ẹni tó tóbi ju ẹnu ọ̀nà táǹkì rẹ̀ lọ.

Àdàkọ Ń Bí Àdàkọ

Èyí tó kan àwọn ṣọ́jà inú ọ̀rá jù lọ ni ọ̀rọ̀ àdàkọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í gbẹ́ ṣọ́jà ní kékeré níbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń gbẹ́ ère tó tóbi ju bó ṣe máa rí lọ, kí ojú, bọ́tìnnì àti bẹ́líìtì lè hàn. Wọ́n á wá lo ẹ̀rọ kan tó ní apá méjì. Apá kan á máa tọ ara ère ńlá náà, apá kejì á máa gbẹ́ irin ní kékeré. Irin tó ní ihò yẹn ni móòdù, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ń lò, àmọ́ tiẹ̀ ṣe wẹ́wẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á yọ́ ike, wọ́n á fi agbára tì í sínú rẹ̀, á sì tutù níbẹ̀.

Ike tó bá ń tutù máa ń súnkì. Ike rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní polyethylene, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá àti kẹ́ẹ̀gì, lè súnkì tó ìdá kan àtààbọ̀ sí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ti fi kún móòdù rẹ̀ kí ohun tó máa sọ nù má bàa dín ṣọ́jà náà kù. Adàkọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960 àti 1970, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké ní Hong Kong máa ń mú ṣọ́jà tí ẹlòmíì ti ṣe tán, wọ́n á fi òun fúnra rẹ̀ ṣe móòdù tuntun. Ṣọ́jà tó ti súnkì lẹ́ẹ̀kan á tún súnkì lẹ́ẹ̀kejì. Tí ẹlòmíì bá tún da àdàkọ yẹn kọ, á súnkì lẹ́ẹ̀kẹta. Tó bá jẹ́ ìdá mẹ́ta ló ń sọ nù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 54 á di 52, á di 51, á wá di 49. Ojú á máa parẹ́, bọ́tìnnì á máa parẹ́.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù ni. Tí wọ́n bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín gíga, fífẹ̀ àti nínípọn ṣọ́jà kù, ike tó máa gbà á dín ní ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Ike tó yẹ kó ṣe ẹgbẹ̀rún kan ṣọ́jà á ṣe nǹkan bí 1,370. Ojú oníbàárà ò lè tètè rí ìdá mẹ́wàá yẹn, àmọ́ àpò oníṣòwò rí i.

Ibẹ̀ ni rúlà ti wúlò jù. Ẹni tó ń kó ṣọ́jà jọ máa ń sanwó púpọ̀ fún ojúlówó tó ti pẹ́, owó kékeré ni àdàkọ rẹ̀ sì tọ́ sí. Tí wọ́n bá gbé ṣọ́jà wá fún un pé ojúlówó ni, tó sì fi mìlímítà méjì kúrú sí ojúlówó tó jọ dúró bákan náà, tí orúkọ ilé iṣẹ́ tó yẹ kó wà lábẹ́ pẹpẹ rẹ̀ sì ti parẹ́ tàbí tó jẹ́ Hong Kong nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, kó má tíì sanwó. Àìdọ́gba tó ń bí i nínú yẹn náà ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀tàn.

Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́

Òbí tó fẹ́ ra kún ti tẹ́lẹ̀ lè mú ọ̀kan nínú ti ilé dání lọ sọ́jà, kó sì fi wọ́n síra kó tó náwó. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti fẹ́ fi ránṣẹ́, kó ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ṣọ́jà náà pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó béèrè bó ṣe ga tó láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ojú, láìka pẹpẹ mọ́ ọn. Ẹni tó dúró ṣánṣán ni kí wọ́n wọ̀n, torí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tàbí tó kúnlẹ̀ ò lè sọ òtítọ́. Tí ìyàtọ̀ náà ò bá ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ, páálí tín-ínrín tí wọ́n gé sábẹ́ pẹpẹ ẹni tó kúrú lè tán an.

Ti ààbò náà kò kéré. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ṣọ́jà kéékèèké, ó lè há a lọ́fun. Ti òjé àtijọ́ kì í ṣe ohun ìṣeré fún ọmọ kankan. Ti oníke sì rèé, kí wọ́n má fi í sínú oòrùn, torí ó máa ń gbẹ, á sì máa ṣẹ́ bí igi gbígbẹ.

Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àìdọ́gba jẹ́ àbùkù. Àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ti gbẹ́ jagunjagun orí ẹṣin láìmọye ìgbà, tí ẹṣin kéré tí ẹni tó gùn ún sì tóbi. Wọ́n mọ bí ẹṣin ṣe tóbi tó. Iyì ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe ara. Ilé iṣẹ́ tó bá kọ 1/32 sára páálí ló ti ṣèlérí ìṣirò, òun ló yẹ kí wọ́n fi ìṣirò bi léèrè. Ọmọ tó ń ṣeré lórí ẹní kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Ní Kàdúná lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bàbá fi tépù ìyàwó rẹ̀ wọn àwọn ṣọ́jà náà. Àwọn ti London jẹ́ 54. Àwọn ti gósílóò jẹ́ 45. Ìbọn wọn náà kúrú, torí náà kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ ọkùnrin kúkúrú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wọ̀n wọ́n, ó rí ọ̀kan tó na ọwọ́ òsì síwájú, tí báàgì so mọ́ ìbàdí rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó wo inú àwọn ti London, ó rí ẹni tó na ọwọ́ kan náà, tó gbé báàgì kan náà. Ojú tirẹ̀ mọ́, ojú ti gósílóò ti parẹ́.

Ó ní: “Mọ́mì, ẹ wá wò ó. Èyí bí èyí ni.”

Ìyàwó rẹ̀ wá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sórí ẹní, ó kó àwọn ti London sí iwájú, ó kó àwọn ti gósílóò lọ sí ẹ̀yìn pátápátá, lábẹ́ àga. Ó ní: “Ọkọ mi, dojú bolẹ̀. Di ojú kan, kó o wá fi èkejì wò wọ́n.”

Ọmọ náà dojú bolẹ̀, ó fi àgbọ̀n lélẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

Ó wá ní: “Dádì, àwọn tẹ́ ẹ rà ti ń bọ̀. Ọ̀nà wọn ló ṣì jìn.”